Wákàtí Iṣẹ́ Ọnà ní Ilé-Ìwé Lagbé: Ta Ni Yóò Kọ́ Ọwọ́ Ọmọ?

Ẹ̀ka mẹ́fà ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ orílẹ̀-èdè Bénin pín sí: èdè Faransé, ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, eré ìdárayá, àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti wà níbẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò tuntun náà kọ́ni káàkiri. Nínú ìwé, ọmọ tó wọ kíláàsì CI ní Lagbé lónìí ní ẹ̀tọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ Kùtọnu ṣe ní. Ìbéèrè wa ni pé kí ni ọmọ náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tí wákàtí ẹ̀kọ́ yìí bá tó, àti ìdí tí ó fi yẹ kí àwa tí a ń kọ àjogúnbá Yorùbá sílẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí tiwa.

Lagbé jẹ́ ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́fà tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Ifangni, ní ẹkùn Plateau. Banigbé, Daagbé, Ko-Koumolou, Tchaada àti Ifangni fúnra rẹ̀ ni márùn-ún yòókù. Ilẹ̀ ààlà ni. Igolo tó dojú kọ Ìdìrókò wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ọ̀pọ̀ ẹbí ló sì ní ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kejì ní agbègbè Ìpókíá ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn tó ń sọ Yorùbá, àwọn Gùn àti àwọn Tọ̀lí ló jọ ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni, ilẹ̀ pupa ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ níbẹ̀ mọ bí wọ́n ti ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe nǹkan ìṣeré. Ó mọ bí wọ́n ti ń fi agolo àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò tí wọ́n ń fi okùn fà. Bí òjò bá dá, ó ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé àti ènìyàn. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ nǹkan kí ó tó dé kíláàsì.

Bí ó bá wá dé kíláàsì ńkọ́? Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé olùkọ́ a ya máńgòrò tàbí àsíá orílẹ̀-èdè sí ojú pátákó, àwọn ọmọ a sì yà á sínú ìwé. Èyí tó bá jọ ti pátákó gba máàkì, èyí tí kò bá jọ ọ́ kò gbà. Lọ́jọ́ mìíràn, orin ni tàbí ewì, nítorí pé abẹ́ orúkọ iṣẹ́ ọnà kan náà ni wọ́n kó àwọn náà sí, wọn kò sì gba ohun èlò kankan. Bí ìdánwò CEP bá sì ti ń súnmọ́, Faransé àti ìṣirò a gba wákàtí náà mọ́ ti wọn. N kò dá olùkọ́ lẹ́bi. Ẹni tó ní ọmọ 50 níwájú, tí omi kò sí nítòsí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi amọ̀ lé lọ́wọ́ rí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ṣọ́ọ̀kì ni yóò mú. Ṣùgbọ́n àdàkọ ojú pátákó kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ojú lè rí nǹkan díẹ̀ kọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ kò kọ́ nǹkan kan nípa ìwọ̀n, nípa ìwúwo, nípa bí ògiri ìkòkò tútù ṣe ń wó bí ó bá tín-ínrín jù.

Ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ òde òní nítorí pé iṣẹ́ ọnà ti di ohun tí Bénin fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun ìní 26 padà, èyí tí àwọn ọmọ ogun wọn kó ní ààfin Abomey ní 1892. Ní oṣù kejì 2022, ìjọba ṣí àfihàn wọn ní ààfin ààrẹ ní Kùtọnu, wọ́n sì to iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní mọ́ ọn. Ènìyàn tó lé ní 200,000 ló wò ó, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì pọ̀ nínú wọn. Ní 2024, Bénin ní ilé àfihàn tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Biennale Venice ní Ítálì. Azu Nwagbogu, ọmọ Nàìjíríà, ni olùṣètò rẹ̀, ọgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà lára ohun tó gbé e kà. Àwọn mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀ ni Chloé Quenum, Moufouli Bello, Ishola Akpo àti Romuald Hazoumè.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Hazoumè. Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n bí i sí ní 1962. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni bí ó ṣe ń sọ kẹ́ẹ̀gì di ojú ènìyàn: ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu, ibi tí à ń dì mú di imú. Kẹ́ẹ̀gì kpayo ni, ti epo bẹntiróòlù tó ń gba ààlà Nàìjíríà wọlé, tí gbogbo ọmọ Ifangni mọ̀ bí ẹní mowó. Iṣẹ́ rẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ La Bouche du Roi, tó fi kẹ́ẹ̀gì tó lé ní 300 tò bí ọkọ̀ òkun tó kó ẹrú. British Museum rà á ní 2007. Ohun èlò tó gbé ọkùnrin yìí dé London wà ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé tó wà lójú ọ̀nà Igolo. Ọmọ Lagbé ń rí i lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó ní kí ó yí i padà, kí ó wò ó bóyá ojú ènìyàn wà níbẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé a ń du ohun tí ọwọ́ ṣe, a kò sì kọbi ara sí ọwọ́ tó ṣe é. Ère irin Gu, èyí tí àwa ń pè ní Ògún, tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Dànhọ̀mẹ̀, kò sí lára 26 tó padà wálé. Paris ni ó wà. Akati Ekplékendo ló ṣe é, àwọn onímọ̀ sì sọ pé Doumè, ní agbègbè Savalou, ni wọ́n ti kó o lẹ́rú wá sí Abomey. Ọba tó kó o mọ ohun tó ń ṣe. Kò kó ère lọ, ẹni tó lè ṣe ère ni ó kó.

Níbo ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wá? Títí di ìsinsìnyí, ilé ni. Kifouli Dossou tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Cové wá láti ìdílé agbẹ́gilére. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Amidou Dossou wà lára àwọn tí wọ́n pè sí àfihàn ńlá Magiciens de la terre ní Paris ní 1989. Ìdílé agbẹ́gilére náà ni Lamidi Fakeye ti Ìlá Ọ̀ràngún ti wá, ẹni tí UNESCO bu ọlá fún ní 2006, ọdún mẹ́ta kí ó tó kú. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré a jókòó ti bàbá. Èérún igi ni yóò kọ́kọ́ máa kó. Lẹ́yìn náà, yóò máa fi ewé eépín ha ara ère kí ó lè dán. Ó lè pẹ́ kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí ère wú sí àti ibi tó ti tẹ̀ wọnú.

Àwọn ọdún tí èyí ń ṣẹlẹ̀ ni ọdún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an. Láti 2006 ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti di ọ̀fẹ́ ní Bénin, ohun rere ni, kò sì sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò ní kí ọmọ jókòó sílé nítorí igi gbígbẹ́. Àmọ́ ilé-ìwé ti gba wákàtí tí ọmọ fi ń jókòó ti bàbá àti ìyá. Bí kò bá wá fi nǹkan kan dípò rẹ̀, a jẹ́ pé òun gan-an ló gé okùn náà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi èyí hàn kedere. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì wọ ìwé àjogúnbá aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2008, lórúkọ Bénin, Nàìjíríà àti Tógò. Àjogúnbá tẹnu ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Orin ẹ̀fẹ̀ ń bẹ nínú fóònù gbogbo ènìyàn báyìí, kò sì tíì sí ohun tó dà bí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún bí a ti ń gbẹ́ igbá orí ère tí kò ní pọ̀ jù fún ọrùn ẹni tó gbé e jó.

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn ti ń gbìyànjú láti mú ọwọ́ wọ kíláàsì. Ní Èkó, Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní London, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní àwọn ilé-ìwé ní 1923. Ó fẹ́ fi hàn pé ọmọ Áfíríkà lè ya ohun tí ojú rí gẹ́gẹ́ bí òyìnbó ṣe ń yà á. Ní 1927, Kenneth Murray dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ní ohun tó yẹ kí ọmọ wò ni iṣẹ́ ọwọ́ tó wà láyìíká rẹ̀. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí àwọn méjèèjì, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé òyìnbó ló ń sọ pé ká di tiwa mú, ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń sọ pé ká kọ́ tiwọn. Ilé-ìwé girama ni àwọn méjèèjì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọdé kò sí nínú àríyànjiyàn náà.

Ní Bénin, àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀, ó sì dun wọ́n. Ní oṣù kẹfà 1975, ìjọba Kérékou gbé òfin École nouvelle jáde. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára: kí ilé-ìwé má ṣe yà kúrò lára ìgbésí ayé ìlú, kí ọmọ fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, kí ó kọ́ nípa ibi tó ń gbé. Ilé-ìwé ní oko, ó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ń ṣe nǹkan tà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sọ ilé-ìwé di ibi ìpèsè ọjà, ohun tí ọmọ ṣe di ohun tí a ń kà, tí a ń wọ̀n, tí a ń tà. Ọ̀pọ̀ òbí wò ó, wọ́n ní àwọn kò rán ọmọ sí ilé-ìwé kí ó lọ ṣe oko olùkọ́. Àwọn olùkọ́ kò tó, wọ́n sì fi àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama, tí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́, dí àlàfo. Nígbà tí owó ìjọba tán ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí owó oṣù kò jáde mọ́, gbogbo rẹ̀ dojú dé. Ọdún ilé-ìwé 1989 ṣòfò pátápátá. Láti ìgbà náà, bí a bá dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé-ìwé fún àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ nígbà yẹn, ọkọ́ ló máa ń rántí. Ẹni tó bá fẹ́ mú amọ̀ wọ kíláàsì ní Ifangni gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìrántí yìí wà nílẹ̀, kí ó sì tètè fi yé àwọn òbí pé ìkòkò tí ọmọ bá mọ kò lọ sí ọjà, òun ni yóò gbé e lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà. Mùsùlùmí àti Kristẹni pọ̀ ní Plateau, àwọn kan nínú wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn fọwọ́ kan ohun tó jọ ère. N kò rò pé a lè fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìtàn Ọ̀yẹ́-Èkìtì dára láti sọ fún wọn. Láti 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, kó àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá jọ síbẹ̀. Bandele, ọmọ Àrẹ̀ógún ti Ọ̀sì, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́. Mùsùlùmí ni Fakeye. Ẹ sì tún gbọ́ orúkọ àwọn ará Cové wọ̀nyẹn, Kifouli àti Amidou. Láàárín wa, ọwọ́ tó ń gbẹ́ igi kò fìgbà kan rí dúró de ìgbà tí ẹ̀sìn bá parí ìjà. Ní ilé-ìwé pẹ̀lú, kò pọn dandan kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ère. Ìkòkò kò ní ẹ̀sìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹní, agbọ̀n, aṣọ aró àti igbá fínfín.

Ní tèmi, amọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Kò gba ọ̀bẹ, kò gba owó púpọ̀, èyí tó bá bàjẹ́ ṣeé pò padà. Ọmọ 50 lè ní ìṣù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Bí àwọn amọ̀kòkò wa ti ń ṣe é, láìlo ẹ̀rọ tó ń yí, kíláàsì tí kò ní iná mànàmáná lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Èdè sì wà nínú rẹ̀. Ìkòkò ní ìdí, ó ní ikùn, ó ní ọrùn, ó ní ẹnu. Ọmọ tó bá ti fi àtàńpàkò fa ọrùn ìkòkò sókè kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, yálà Yorùbá ni olùkọ́ fi sọ ọ́ tàbí Gùn. Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn láti 1970, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, pé èdè ilé kì í dá ọmọ dúró. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ni ẹ̀kọ́ tí èdè Faransé lè yẹ̀ fún jù lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìdánwò kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n jù ní abúlé lè má gbọ́ Faransé rárá.

Ẹni yẹn ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá amọ̀kòkò kò ní ìwé ẹ̀rí, nítorí náà ilé-ìwé kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ilé-ìwé Bénin ti kọ́ bí a ti ń ṣílẹ̀kùn fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Láti 2017 tí ìjọba àti Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé ti gbé ètò oúnjẹ ilé-ìwé kalẹ̀, àwọn obìnrin abúlé ló ń wọ ọgbà ilé-ìwé láti dáná fún àwọn ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ìrẹsì sísè. Bí ìyá tó mọ ọbẹ̀ bá lè wọlé, ìyá tó mọ ìkòkò tí wọ́n fi sè é náà lè wọlé, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí olùkọ́ jókòó tì í láti tọ́jú kíláàsì àti láti kọ́ díẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí èyí yóò fi dúró ni pé kí wọ́n san owó fún un. A ti fẹ́ràn láti máa pe iṣẹ́ àwọn àgbà ní ọrẹ sí àṣà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í pe ti ayàwòrán tó wá láti ìlú ńlá bẹ́ẹ̀.

Ètò kan wà nílẹ̀ tó lè gbé owó náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìjọba dá ohun tí wọ́n pè ní classes culturelles sílẹ̀, láti mú àwọn oníṣẹ́ àṣà wọ àwọn ilé-ìwé kan. Mo gbóríyìn fún wọn. Ìṣòro irú ètò báyìí ni pé ibi tí oníṣẹ́ ọnà tó ní orúkọ pọ̀ sí ni ó ti ń rọrùn: Kùtọnu, Àjàṣẹ́, Abomey, Ouidah. Bí wọ́n bá ní àfi ayàwòrán tó ti ṣe àfihàn rí ni yóò wọ kíláàsì, Lagbé yóò máa dúró. Bí wọ́n bá gbà pé amọ̀kòkò, ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, ahunní àti agbẹ́gilére jẹ́ oníṣẹ́ àṣà lójú òfin, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ẹni tí wọ́n ń wá kì í sábà gbé níbi tó jìnnà sí ilé-ìwé.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa wọlé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, ìjọba kò lè pè é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa olùwádìí ti ya fọ́tò ère, a ti gba orin sílẹ̀, a ti kọ ìtàn ìdílé ọba. Orúkọ ẹni tó mọ ìkòkò kò sábà sí nínú àkọsílẹ̀ wa. ‘Ìkòkò, Plateau’ ni a máa ń kọ sábẹ́ fọ́tò. Bí ẹ bá tún lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ifangni, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí a kọ orúkọ òun, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, èdè tó lè fi kọ́ ọmọ, àti iye tó bá a lára mu fún ìdajì ọjọ́. Ẹ kó àkọsílẹ̀ náà fún olórí arrondissement àti ọ̀gá ilé-ìwé, kó má parí sí ojú ewé wa nìkan.

Ẹ tún béèrè nípa àkókò. Ọdún ilé-ìwé a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, òjò kò tíì lọ nígbà náà, ìkòkò tútù kò ní gbẹ dáadáa, iná ìta gbangba yóò sì fọ́ ọ. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, nígbà ọyẹ́, ni ó yẹ kí àwọn ọmọ mọ ìkòkò, kí ó gbẹ, kí wọ́n sun ún. Bí ètò bá máa bẹ̀rẹ̀ nínú ọdún ilé-ìwé tó ń bọ̀, inú oṣù kẹwàá ni olùkọ́ àti amọ̀kòkò gbọ́dọ̀ ti jọ lọ wo ibi tí wọn yóò ti wa amọ̀.